Ẹ̀rọ Iná tí Ó Ń Gbó
Ilé tí wọ́n kọ́ sí ìlú Festac ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin fún àjọ̀dún ọdún 1977 pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n iná kì í ti inú ògiri jáde. Ní Ẹgbin, lápá Ìkòròdú, ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ń fi gáàsì ṣe lára iná tí Èkó ń lò láti nǹkan bí ọdún 1985. Wọ́n ti ń gbó.

Kò sí ẹ̀rọ tí kì í kásẹ̀ nílẹ̀. Jámánì pa ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì mẹ́ta tí ó kù fún un ní April 15, 2023. Èkó náà ti ṣe irú rẹ̀ rí: ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Ìjọra, tí ń jó èédú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923 ni wọ́n tó pa ti Marina. Titun ti dé kí ògbólógbòó tó lọ. Bí ti Ẹgbin kò bá rí bẹ́ẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ yóò pọ̀ sí i ní Festac. Ẹni tí kò rówó epo yóò sì jókòó ti àtùpà.