Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ̀kọ́ Ìgbà Ooru fún Ẹni tí Yóò Di Ayàwòrán Ilé

Ilé tí ó bá dára a máa fa ojú mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti wo irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ọkàn wọn sì fà sí iṣẹ́ ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti kọ́ parí kì í sọ iye òru tí a kò fi sùn kí ó tó dìde. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ọ̀nà kan tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà là sílẹ̀, kí ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ayàwòrán ilé kí ó tó fi owó àti ọdún rẹ̀ lé e lórí.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn, lítíréṣọ̀ tàbí ìṣirò lè béèrè àyè láti kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé fún oyè másítà. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba ọdún 3. Ní Yunifásítì Harvard, ọdún 3 àti ààbọ̀ ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣòro méjì dúró lẹ́nu rẹ̀. Èkíní ni pé àwọn tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé a máa béèrè àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Níbo ni ẹni tí kò ya àwòrán rí yóò ti mú un wá? Èkejì ni pé báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá òun lára mu?

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ìgbà ooru fi wúlò. Harvard ní ọ̀kan tí ń jẹ́ Design Discovery. Career Discovery ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 6 ni ó sì máa ń gbà nígbà náà. Yunifásítì California ní Berkeley náà ní irú tirẹ̀. Láàrin oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé, wọ́n sì ṣe é fún ẹni tí kò ì mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé níbẹ̀? Ilé Gund Hall tí wọ́n ṣí ní Harvard ní ọdún 1972, èyí tí John Andrews ya àwòrán rẹ̀, fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà hàn. Tábìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí pẹpẹ tí ó ga ju ara wọn lọ bí àtẹ̀gùn, lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Kò sí kọ̀rọ̀ tí ọ̀lẹ lè sá sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ya ilé bí ẹni pé a ṣí òrùlé rẹ̀ tí a ń wò ó láti òkè. Yóò tún yà á bí ẹni pé a là á sí méjì bí obì. Yóò fi abẹ gé páálí, yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ilé kékeré. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ lè ní kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, yóò kan iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, yóò sì dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò kí wọ́n bi í léèrè ìdí tí fèrèsé fi wà níhìn-ín tí kò fi sí lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ni wọ́n ń tú wò, kì í ṣe oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà yóò gún un dé ọkàn.

Èrè ibẹ̀ kò mọ ní ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní iṣẹ́ tí ó lè kó jọ. Olùkọ́ tí ó ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ̀wé ẹ̀rí fún un. Oṣù mélòó kan yóò sì ṣẹ́ kù fún un láti tún iṣẹ́ rẹ̀ tò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gba ìwé ìbéèrè láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé àṣẹ ìwọlé ni. Èrè tí ó tóbi jù ni ìmọ̀ ara ẹni. Ẹnì kan yóò rí i pé ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn yóò rí i pé wíwo ilé ni òun fẹ́ràn, kì í ṣe yíyà á. Ẹni kejì yìí kò pàdánù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó ná. Ọdún 3 àti gbèsè ni ó yẹ̀ fún.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tí yóò kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ fín. Nídìí iná ni a ó ti mọ̀ bóyá ooru náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀kọ́ olówó ni èyí. Òótọ́ ni: owó ẹ̀kọ́ wà, owó ilé àti oúnjẹ wà, ẹni tí ó ti òkèèrè wá yóò sì gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ṣùgbọ́n àdánwò ni kókó, kì í ṣe ibi tí a ti ṣe é. Iṣẹ́ ọnà ni Demas Nwoko kọ́ ní Zaria, síbẹ̀ òun ni ó ya àwòrán ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2023, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú lè tọrọ àyè ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó wọn ìyàrá rẹ̀, kí ó yà á, kí ó fi páálí ṣe é, kí ó sì gbé e lọ bá ayàwòrán ilé tí kò ní pọ́n ọn lé.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ni ọkàn òun fẹ́, kí olùkọ́ má ṣe wo máàkì rẹ̀ nìkan. Kí ó bi í bóyá ó ti ya ohun kan rí, tí wọ́n ní kí ó fà á ya, tí ó sì tún fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀.