Aláriwo: Ta ló yẹ ká pè bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí: aláriwo.

"Oní" àti "ariwo" ló so pọ̀ di aláriwo, bí "oní" àti "aṣọ" ṣe di aláṣọ. A lè lò ó fún ènìyàn: "Ọmọ aláriwo ni." A lè lò ó fún nǹkan: "Jẹnẹrétọ̀ aláriwo ni wọ́n rà." Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe bí ohùn ṣe lọ sókè tó nìkan ló ń sọ. Ó tún ń sọ pé ohùn náà ti sú wa. Ìbáwí wà nínú rẹ̀.

Tí kò bá sí ẹ̀bi níbẹ̀, "sókè" la máa ń lò. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn nípàdé á ní, "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, a ò gbọ́ yín." Kò ní sọ pé, "Ẹ pariwo." Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí SARS, "sọ̀rọ̀ sókè" ló wà lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ni yóò pe ohùn kan náà ní ariwo.

"Pariwo" kì í tiẹ̀ í ṣe ti ohùn òkè nígbà mìíràn. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá rọra sọ fún ọ pé, "Má pariwo ẹ̀ o," àṣírí ló ní kí o bá òun pa mọ́.

Èmi náà ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò rí. Ìyá mi máa ń fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, mo wà nínú ọkọ̀ èrò, ojú ń tì mí, mo ní, "Mọ́mì, ariwo yín ti pọ̀ jù." Wọ́n dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá pè mí, wọ́n á kàn kí mi, wọ́n á sì gé e. Àbúrò mi ló wá sọ fún mi pé etí wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Wọn ò mọ̀ pé ohùn wọn ti lọ sókè.

Mo bẹ̀ wọ́n. Ní báyìí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Mọ́mì, mò ń gbọ́ yín dáadáa." Wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti pè ní aláriwo rí? Ó dìgbà kan ná.