Kọ̀ǹpútà Wo Ni Kí A Rà fún Àwọn Ọmọ Ìsarà?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

   Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí a pé jọ láàyè.

Alága ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ó fi tutù. A gbọ́, a ó sì pa á mọ́.

Ìjà kan ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ wa ti ń bá ara wọn fà á. Kì í ṣe ìjà owó, kì í ṣe ìjà ipò. Nígbà tí a dábàá pé kí a fi yàrá kọ̀ǹpútà ta ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́rẹ ní ìrántí ọdún kẹwàá, kò sẹ́ni tó takò ó. Ìgbà tí a béèrè pé irú kọ̀ǹpútà wo ni ilé dàrú. Arákùnrin wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì ní Windows ni, kò sí òmíràn. Arábìnrin wa tó ń ya àwòrán jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹni tó bá ti lo Mac rí kò ní fẹ́ fọwọ́ kan Windows mọ́. Tísà àárín wa dìde, ó ní Linux ọ̀fẹ́ ni, kí ló dé tí a fẹ́ máa náwó sórí ohun tí a lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹnì kan bínú jáde kúrò lórí WhatsApp ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí ẹ fi yan àwa mẹ́rin pé kí a wádìí, kí a sì wá jábọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ìyá wa. Kọ̀ǹpútà ní ara, ó ní ẹ̀mí. Irin àti ike tí a ń fojú rí ni ara. Ètò inú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé kí ó tan, kí ó kọ̀wé, kí ó tẹ̀wé jáde, òun ni ẹ̀mí. Lórí ẹ̀mí yìí ni a ń jà.

Apple ló ń ṣe ara Mac, òun náà ló ń ṣe ẹ̀mí rẹ̀. Ìyẹn ló fi bá ara mu, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dani láàmú. Ìyẹn náà ló sì fi wọ́n. Ní ti Windows, Microsoft ló ń ṣe ẹ̀mí, àwọn ilé iṣẹ́ bíi HP, Dell àti Lenovo ń ṣe ara. Linux ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Bí baba wa ṣe máa ń pe ara wọn jọ, tí wọ́n á fi ọjọ́ kan ro oko ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà káàkiri ayé ṣe ń pawọ́ pọ̀ tọ́jú Linux láti ọdún 1991, nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde. Ubuntu, ọ̀kan nínú ẹ̀yà Linux tí a mọ̀ jù, jáde ní 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀. Èdè ibẹ̀ ló ti mú orúkọ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Báwo wá ni Windows ṣe gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní 1981 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, Microsoft ló sì pèsè ẹ̀mí rẹ̀. Microsoft lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ẹ̀mí náà fún ẹlòmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe ara tó jọ ti IBM, wọ́n ra ẹ̀mí lọ́dọ̀ Microsoft, owó ọjà sì já wálẹ̀. Mac dé ní January 1984 pẹ̀lú àwòrán àti eku ìtẹ̀, ó rẹwà, ṣùgbọ́n Apple kò fún àwọn ẹlòmíràn láyè bẹ́ẹ̀. Windows àkọ́kọ́ tẹ̀lé e ní 1985. Nígbà tí Windows 95 fi dé, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lágbàáyé ló ti gba ọ̀nà Microsoft, òun náà ni a sì bá ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún wa ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde.

Ṣé èyí wá sọ pé òun ló dára jù? Ẹ jẹ́ kí a fi obì ṣàlàyé, nítorí ọmọ Rẹ́mọ kì í ṣe àjèjì sí obì. Gbànja wà, àbàtà wà. Gbànja awẹ́ méjì ni àwọn Hausa ń rà ní Sábó Ṣàgámù, tí wọ́n ń dì lọ sí Òkè Ọya. Àbàtà tó ní awẹ́ mẹ́rin ni a fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ, òun ni a fi ń gbé ìyàwó. Ẹni tó bá béèrè pé èwo ló dára jù, a ó bi í pé: kí lo fẹ́ fi ṣe?

A kọ́ ni a kọ́kọ́ ja ìjà yìí ní Nàìjíríà o. Ní 2007, ìjọba paṣẹ láptọ́ọ̀pù kékeré 17,000 tí Intel ṣe fún ọmọ ilé ìwé, tí wọ́n ń pè ní Classmate. Linux ti Mandriva, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, ló máa wà nínú rẹ̀. Ọjà ti fẹ́ parí nígbà tí Mandriva gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ Linux rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi Windows XP rọ́pò. Ní October 31 ọdún náà, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft, ó ń bi í pé kí ló ṣe fún àwọn ènìyàn náà. Ìròyìn ìgbà náà jẹ́ kó di mímọ̀ pé Microsoft ti ń bá agbaṣẹ́ṣe ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí $400,000 fún ìpolówó. Microsoft ní kò sí owó tí àwọn tíì san. Lẹ́yìn rẹ̀, àjọ ìjọba tó ń sanwó 11,000 nínú kọ̀ǹpútà náà, USPF, ní Mandriva náà ni àwọn fẹ́.

Ọdún yẹn kan náà ni láptọ́ọ̀pù mìíràn, XO ti Nicholas Negroponte, tó ń lo Linux, wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Abuja fún ìdánwò. Ariwo pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ńlá bá ń jà lórí ẹ̀rọ, ó rọrùn láti gbàgbé ọmọ tí ẹ̀rọ náà wà fún.

Àwa náà ti gbàgbé ọmọ rí. Ẹ ṣí ìwé yìí sí ojú ewé àwọn fọ́tò, ẹ ó rí wa ní ọdún kẹta wa tí a ń fi kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ta ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́rẹ, tí a ń rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì lẹ́yìn náà a padà lọ wò wọ́n. Méje ti kú. Windows ayédèrú ni ẹni tó tà á fún wa fi sínú wọn. Fáírọ́ọ̀sì ti inú flash wọlé, ó jẹ gbogbo rẹ̀. Tísà tó mọ̀ ọ́n lò ti gba ìyípadà lọ sí ìlú mìíràn. Iná kì í sì í wá títí ilé ìwé á fi parí. Alángbá ti yé ẹyin sẹ́yìn ọ̀kan. Ká sọ òótọ́, ẹ̀bi wa ni. A ra ara, a ra ẹ̀mí ayédèrú, a kò ra ìtọ́jú rárá.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a gbé lé ọ̀rọ̀ náà lórí.

Èkíní, ìdánwò. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́jọ péré lórí kíbọọ̀dù ti tó láti fi ṣe é parí: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R láti yí èrò padà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n ló nílò, èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè kọ́ ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi iṣẹ́, Word àti Excel lórí Windows ni yóò bá ní ọ́fíìsì púpọ̀. Bánkà wa jàre níbẹ̀.

Èkejì, owó àti àtúnṣe. Owó Mac tuntun kan lè ra tòkunbọ̀ mélòó kan. Nínú ọ̀pọ̀ Mac òde òní, wọ́n ti jó mẹ́mọ́rì mọ́ pátákó inú rẹ̀, a kò lè fi kún un. Ta ni yóò tún un ṣe ní Ìsarà lọ́jọ́ Sátidé? Windows ní àwọn alátùn-únṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ní October 14, 2025 ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 tó ń ṣe déédéé, Windows 11 kì í sì í gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lónìí lè jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìdànù. Linux lè jí i dìde. Tísà wa jàre níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èdè wa. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí àmì bá sọnù, ìyàwó á di ẹni tó ń wa ọkọ́ kiri. Ìwé ìrántí ọdún kìíní wa dé láti ilé ìtẹ̀wé, àpótí òfìfo ló kún ibi tí àmì yẹ kó wà. Nígbà náà, lẹ́tà tí a bá fi Yorùbá kọ lórí ẹ̀rọ kan lè di wóró-wòrò lórí òmíràn. Lónìí, Windows ní kíbọọ̀dù Yorùbá, Linux ní in, Mac náà sì ń kọ àmì àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ohun tó kù ni kí a kọ́ àwọn ọmọ láti lò ó.

Ìpinnu wa rèé. Ogún ẹ̀rọ ni a ó rà. Méjìlá yóò jẹ́ Windows 11 ojúlówó, mẹ́jọ yóò jẹ́ tòkunbọ̀ tí Linux wà nínú rẹ̀, kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A kò ní ra Mac. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa ti Lọ́ńdọ̀nù ti ní òun yóò fi èyí tí òun ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó mọ àwòrán yà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbà pé òun pàdánù ìjà náà, àwa náà kò sì ní kó gbà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kò gbọdọ̀ ju ìdajì owó náà lọ tí a ó fi ra ẹ̀rọ. Ìdajì tó kù ni sólà, ilẹ̀kùn irin, àti owó oṣù olùkọ́ kan fún ọdún méjì. Bákan náà, a ń bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò pé kí olúkúlùkù yín fi Sátidé kan sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan láti wá kọ́ àwọn ọmọ. Owó nìkan kọ́ ni ọrẹ. Ìwé tí ẹ ó ti kọ orúkọ yín wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì oúnjẹ, kí ẹ̀sùn má sí pé ẹnì kan kò rí i.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún láyọ̀, kí ẹ̀rọ wọ̀nyí pẹ́ fún wa, kí a má tún bá ẹyin alángbá lẹ́yìn wọn mọ́. Ìsarà á gòkè àgbà.