Kí A Tó Sọ̀kalẹ̀ Sínú Táǹkì

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn fítà wa bá ìpàdé gbogbo-gbòò ẹ̀ka wa sọ nìyí. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ tí wọn kò lè wá.)

Alága ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Sípánà ni mo mọ̀ ọ́n dì mú. Ẹ bá mi fara dà á.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ wa ti gba kọ́ńtíráàtì láti tún àwọn táǹkì ìtòrò ṣe ní ilé ìfọmi-ẹ̀gbin kan, àti pé láàrin àwa tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ni wọn yóò ti mú ènìyàn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn awakọ̀ wa ni yóò máa kó ẹrẹ̀ ibẹ̀. Àwọn kan ti ń ṣírò owó àfikún tí wọn yóò gbà. Àwọn mìíràn ń yọ ṣùtì sí i, wọ́n ní iṣẹ́ agbépóò ni. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí Alága fi ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí táǹkì ìtòrò jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ ńlá kan báyìí ló ń fọ omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògì ni ìyá mi ń tà. Bí wọ́n bá ti sẹ́ ògì tán, wọn á gbé ìkòkò sí kọ̀rọ̀, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ògì ti rì sísàlẹ̀, omíkan ti wà lókè, wọn á sì rọra da omíkan kúrò. Iṣẹ́ táǹkì ìtòrò kò ju ìyẹn lọ. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti balùwẹ̀ àti ti ilé ìdáná yóò gba apá kan wọlé, yóò máa rìn jẹ́jẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ohun tó wúwo yóò rì, ọ̀rá yóò léfòó, omi tó kù yóò sì ṣàn kọjá etí táǹkì lápá kejì. Láìsí kẹ́míkà, táǹkì tó bá pé yóò mú tó ìdajì sí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìdọ̀tí tó ń rìn kiri nínú omi kúrò.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ìkòkò ìyá mi ni pé tọ̀sán-tòru ni omi ń wọlé, a kò lè dá a dúró kí a tó kó ẹrẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ṣéènì méjì sí i, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú pákó tí wọ́n fi dábùú wọn. Pákó wọ̀nyí ń wọ́ nílẹ̀ táǹkì bí ìgbín, wọ́n ń gbá ẹrẹ̀ lọ sínú kòtò kan, pọ́ǹpù sì ń fà á níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀ lókè omi, wọ́n tún ń ti ọ̀rá síwájú. Ẹni tó bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́n.

Kí ló wá ń sọ táǹkì di arúgbó? Ẹ ó rò pé abẹ́ omi ni kankéré ti ń jẹ. Rárá o. Òkè omi ni. Láti inú ẹrẹ̀ ni gáàsì kan ti ń jáde, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó ń gun òkè lọ bá ara ògiri tó tutù, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ sì ń sọ ọ́ di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ C. D. Parker ló tọ́ka sí àwọn kòkòrò yìí ní Melbourne, ní Ọsirélíà, ní 1945. Ásíìdì yìí á sọ sìmẹ́ńtì di ohun tí ènìyàn lè fi ṣíbí há bí ẹ̀kọ tútù, títí irin inú rẹ̀ yóò fi yọ síta. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, mo fi ìka mi gún ògiri, ìka náà sì wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ há gbogbo èyí tó ti rọ̀ kúrò títí yóò fi kan èyí tó le, kó fọ irin kó mọ́, kó tó rẹ́ ẹ. Bí kọngílá bá ní kí ẹ fi sìmẹ́ńtì bò ó bẹ́ẹ̀, kò ní tó òjò méjì tí yóò fi ṣí.

Lẹ́yìn ògiri, ṣéènì. Irin ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́, igi sì ni pákó rẹ̀. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fi ṣéènì oníke pààrọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, ó fúyẹ́, kì í dípẹtà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ṣéènì jù, ọwọ́ wa ni. Píìnì kékeré kan wà lára gíà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má le ni. Bí nǹkan bá há pákó nísàlẹ̀, píìnì yóò já kí ṣéènì má baà já. Fítà tí ọ̀gá ń pariwo lé lórí pé kó tètè ṣe é yóò yọ píìnì, yóò fi bóòtì líle sípò rẹ̀. Mo ti ṣe é rí, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tó tún há, ṣéènì ló já, pákó mọ́kànlá sì ṣubú lé ara wọn nísàlẹ̀ omi tí a kò rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni táǹkì náà kò fi ṣiṣẹ́ nítorí píìnì tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan ni: ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ilé ìfọmi-ẹ̀gbin kan wà tó ń jẹ́ Back River. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n sì ṣe é kó lè gba 180 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi lójúmọ́. Nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland wọ ibẹ̀ ní 2021 àti 2022, wọ́n bá táǹkì ìtòrò tí kò ṣiṣẹ́, ewéko tó ń hù níbi tí omi yẹ kó wà, àti òṣìṣẹ́ tí kò tó. Ní March 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ pàṣẹ kí àjọ tirẹ̀ wọlé wá darí ibẹ̀. Ní November 2023, ìlú Baltimore gbà láti san owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 4.75 dọ́là, nítorí ibẹ̀ àti ilé ìfọmi kejì tí wọ́n ní. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí mo ti sọ pé òṣìṣẹ́ kò tó. Àyè iṣẹ́ tí wọn kò fi ènìyàn sí, owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pa mọ́, ohun tó sọ wọ́n dà nìyẹn. Níhìn-ín, àwọn awakọ̀ wa tó dàgbà mọ Iddo, níbi tí ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè ti ń da ẹrù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń lọ tààrà sínú ọ̀sà. Ní 2010 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gbin nìkan.

Ó dára. Ẹ wá jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tó wà níwájú wa. Táǹkì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí a bá ti ọ̀kan, mẹ́ta tó kù lè gbé e. Bí a bá ti méjì lẹ́ẹ̀kan náà nítorí kí iṣẹ́ lè yá, omi tó yẹ kó lo wákàtí méjì yóò lo ẹyọ kan, ẹrẹ̀ yóò bá omi jáde, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a tì í. Bí a bá sì parí ọ̀kan, kí a fi omi wọn etí rẹ̀ dọ́gba kí a tó ṣí i. Bí apá kan bá fi ìka kan péré rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo omi yóò sáré gbà.

Èyí tó kàn, àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Táǹkì tó ṣófo lè léfòó. Mo ríi pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Kankéré tó nípọn 30 sẹ̀ǹtímítà, tó jẹ́ mítà kan ní òró àti mítà kan ní ìbú, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 720 lọ. Bí omi inú ilẹ̀ bá fi mítà kan ga ju abẹ́ rẹ̀ lọ, kílò 1,000 ni ó fi ń tì í sókè. Omi inú táǹkì ló ń tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá fà á gbẹ nígbà òjò, ilẹ̀ táǹkì lè sán bí àwo. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, àti pé kí wọ́n gbẹ́ kànga kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a máa wo ibi tí omi ilẹ̀ dé. Àwọn fáàfù kan wà nílẹ̀ táǹkì tó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí omi ilẹ̀ wọlé kó má baà gbé e. Fáàfù tó ti wà lábẹ́ ẹrẹ̀ fún ogún ọdún, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Mo ti wá dé ibi tí ó nira fún mi láti sọ.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, lébìrà kan ju sípánà sínú kòtò ẹrẹ̀. Omi kò ju orúnkún lọ níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ mú un. A pè é, kò dáhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e, òun náà sì jókòó sórí àkàbà bí ẹni tó rẹ̀. Èmi ni mo kàn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà nígbà tí wẹ́dà àgbàlagbà kan gbá mi mú lọ́rùn aṣọ, ó fà mí ṣubú sẹ́yìn, ó sì jókòó lé mi láyà. Mo bú u. Mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ yẹn tí mo sì ń bú baba yẹn. Nígbà tí wọ́n fi okùn fa àwọn méjèèjì jáde, ẹni kejì yè, ti àkọ́kọ́ ti bọ́. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó lè kí baba wẹ́dà náà bó ṣe yẹ. Ọmọ tó kú, ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan.

Gáàsì yẹn kan náà ni, èyí tó ń jẹ ògiri. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ kòtò ló ń sùn sí. Bí ẹ bá da ẹrẹ̀ rú, púpọ̀ sí i yóò jáde. Bí ó bá kéré, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ẹ kò ní gbọ́ òórùn mọ́. Bí òórùn bá lọ lójijì, ẹ má rò pé gáàsì ló lọ, imú yín ló kú. Ní 1986, àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà kéde pé nínú àwọn tó ń kú sínú irú ibi tó há bẹ́ẹ̀, ó lé ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ àwọn tó lọ gba ẹlòmíràn là.

Òfin Factories Act ti 1987 ti sọ ọ́: a kò gbọ́dọ̀ rán ènìyàn wọ irú ibẹ̀ láìsí bẹ́líìtì àti okùn tí ẹni tó wà lókè dì mú, àti ohun èlò ìmí, àfi bí ẹni tó mọ̀ bá ti jẹ́rìí pé ibẹ̀ mọ́. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti 2010 sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò NSITF, kì í ṣe kí wọ́n gé e nínú owó wa. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ lásán.

Ohun tí mo ní kí ìgbìmọ̀ gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá rèé. Ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, méjì, kì í ṣe ọ̀kan tí yóò máa wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀. Irin tó dúró lẹ́sẹ̀ mẹ́ta lórí kòtò, pẹ̀lú okùn àti ọwọ́ ìyí, kí a lè fa ènìyàn jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀. Kí wọ́n ti iná ẹ̀rọ ṣéènì pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹni tó wà nísàlẹ̀. Omi àti ọṣẹ, àti yàrá tí a ó ti pààrọ̀ aṣọ, kí a má gbé ìdọ̀tí lọ fún àwọn ọmọ wa nílé. Ohun kan náà ni fún àwọn awakọ̀, nítorí pé táǹkì ọkọ̀ tó gbé ẹrẹ̀ náà ní gáàsì. Kí ẹnikẹ́ni má ki orí bọ inú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti tán. Èyí tó kẹ́yìn, àwọn lébìrà tí wọn yóò gbà lójúmọ́, kí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí okùn tí wọn yóò so mọ́ra jẹ́ irú tiwa gan-an.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń lọ bá ọ̀gá àgbà. Akọ̀wé ti ní kí ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí wá rí òun kí a tó lọ. Alága, mo rò pé mo ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, mo wà níhìn-ín.