Vasectomy: Wọn Kì í Tẹ Ọkùnrin Lọ́dàá o

Láti ìgbà tí a ti ṣètò lórí abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gún fún àwọn obìnrin, ìbéèrè kan ló ń wọlé jù lórí WhatsApp wa. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi ohùn ránṣẹ́, wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní vasectomy, kí ni wọ́n máa ń ṣe gan-an?"

Èmi fúnra mi ò tíì ṣe é, mi ò tíì bímọ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe é lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo wakọ̀ gbé e lọ, èmi náà ni mo gbé e padà wálé. Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Nígbà tí ìyàwó wọn lóyún ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Òògùn oníhóró tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò, irú èyí tó ní estrogen nínú, kò dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n gbìyànjú nǹkan mìíràn, ara rẹ̀ ò gbà á. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní, ṣebí òun náà lára, kí wọ́n ṣe é sí òun lára.

Nígbà tí màmá wa gbọ́, wọ́n figbe ta: "Ṣé wọ́n fẹ́ tẹ ọmọ mi lọ́dàá ni?"

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, nítorí òun ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Òbúkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, kórópọ̀n rẹ̀ gan-an ni wọ́n bà jẹ́ tàbí tí wọ́n yọ, kó lè sanra, kó má máa gun abo kiri. Vasectomy ò fọwọ́ kan kórópọ̀n. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà tó ń gbé irúgbìn ọmọ jáde láti inú kórópọ̀n lọ bá omi àtọ̀ yòókù. Àwọn ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gé, tí wọ́n sì ń dí. Kórópọ̀n á ṣì máa ṣiṣẹ́, ara á sì máa fa irúgbìn náà mu padà. Èròjà tó ń jẹ́ kí irùngbọ̀n hù, tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin dìde, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, kì í gba ọ̀nà tí wọ́n gé. Àtọ̀ náà á ṣì máa jáde, nítorí irúgbìn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀.

Kí wọ́n tó ṣe é, ìjíròrò ló máa kọ́kọ́ wáyé. Dọ́kítà bi ẹ̀gbọ́n mi pé bí ọmọ kan bá kú ńkọ́? Bí ìyàwó bá kú, tí o sì fẹ́ ẹlòmíràn tó fẹ́ bímọ ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, a kì í fẹnu sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bi yín. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn láti so ọ̀nà yẹn padà lóòótọ́, àmọ́ owó ńlá ni, kò sì dájú pé á bọ́ sí i. Ẹ kà á sí ohun tí kò ní àtúnṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ kankan nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn títí a fi délé. Oṣù méjì ló fi ro ó. Bí ọkàn yín bá ń ṣe méjì, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ẹ sọ gbogbo òògùn tí ẹ ń lò fún dọ́kítà, pàápàá aspirin àti èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àgbo náà ńkọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ mú pátá tó fún mọ́ra dání, ẹ má sì wakọ̀ fúnra yín.

Iṣẹ́ náà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n lọ. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú, òun gan-an ló ń ta ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa nǹkan nísàlẹ̀ ikùn. Dọ́kítà ará Ṣáínà kan, Li Shunqiang, ti dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ láti 1974 tí wọ́n fi ń dá ihò kékeré lu awọ dípò kí wọ́n fi abẹ là á. Èyí ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, Arsenal ni wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Ní ilé, ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Píọ́ wọ́tà tó ti dì ni a fi aṣọ wé tí ó ń gbé lé e. Ojú ibẹ̀ dúdú díẹ̀, ó wú díẹ̀, ìyẹn ò burú. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì omi fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì sinmi ìbálòpọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ibà bá dé, tí ó ń wú sí i, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, bí ẹnì kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún máa ń ní ìrora tó pẹ́ kó tó lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Iṣẹ́ náà kì í jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Irúgbìn tó ti kọjá ibi tí wọ́n gé ṣì wà níwájú, ó sì lè fún obìnrin lóyún. Ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí àtọ̀ sì ti jáde bí ìgbà ogún, kí ẹ tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Títí tí àbájáde yóò fi sọ pé kò sí irúgbìn mọ́, kọ́ńdọ́ọ̀mù. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tí kò mọ èyí, tí ìyàwó rẹ̀ wá lóyún ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ta ló máa bá obìnrin yẹn rojọ́? Kódà lẹ́yìn àyẹ̀wò, nínú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọkùnrin, ọ̀nà náà lè ṣí padà fún ẹnì kan. Ẹ tún àtọ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó pe ẹbí jọ.

Ó sì kù kan: kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ HIV tàbí àtọ̀sí.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìfètòsọ́mọbíbí ní ilé ìwòsàn ńlá, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ máa fi ohùn yín ránṣẹ́, a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.