Òkèlè, Ẹ̀fọ́ àti Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá ṣojú wa.

Gbogbo wa ti lé ní ogójì ọdún. Àsìkò yìí ni àtọ̀gbẹ máa ń yọjú sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe ti UCH Ìbàdàn ṣe alága rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, rí i lára nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2018 fi hàn pé ó ti sún mọ́ 6.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a kò bá ti mu mínírà, ọ̀rọ̀ ṣúgà ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmàlà, láfún, ẹ̀bà, iyán, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà nínú wa. Bí ṣúgà náà bá wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, pancreas, á tú insulin jáde, kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan tí yóò lò ó.

Ṣùgbọ́n insulin kì í dá ṣiṣẹ́. Àwọn èròjà tí gbòǹgbò ń fà láti inú ilẹ̀ oko wa ló ń ràn án lọ́wọ́. Zinc ni pancreas fi ń tọ́jú insulin pa mọ́ títí a ó fi jẹun. Magnesium ni iṣan nílò kó tó lè jẹ́ ìpè insulin. Bí potassium bá sì lọ sílẹ̀ jù, insulin tó ń jáde á dínkù. Èyí tó burú jù ni pé bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, magnesium á máa bá ìtọ̀ lọ, agbára insulin á tún rẹlẹ̀ sí i. Gbèsè tí èlé ń gorí èlé ni.

Níbo la ti lè rí wọn? Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ní magnesium. Ẹran ní zinc. Èérí tí a ń sẹ́ kúrò lára ògì, magnesium àgbàdo pọ̀ nínú rẹ̀, ewúrẹ́ la sì ń dà á fún!

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn dókítà tì, tàbí kó máa ra hóró magnesium kiri. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè, nítorí potassium àti magnesium lè pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé láti ìpàdé tó ń bọ̀, kí òkèlè orí tábìlì wa dínkù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí omi rọ́pò mínírà. Ká kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran ká tó kan òkèlè, ṣúgà kò ní fò sókè tó bẹ́ẹ̀. Kí oníkálukú sì yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kí oúnjẹ tó lé ìṣẹ́ lọ má ṣe gbé àìsàn wọlé. Ayẹyẹ ogún ọdún yóò ṣojú gbogbo wa pé pérépéré.