ÀJẸ́ KÉ LÁNÀÁ, ỌMỌ KÚ LÓNÌÍ: ẸJỌ́ MÁJÈLÉ ÀTI Ẹ̀RÍ RẸ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Alajue, Ẹdẹ)

  Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò ni a bá wá sí Alajue lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ó sì lè kan ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ta ni ní Ẹdẹ tí ó gbàgbé ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹrin ọdún 2017? Ọjọ́ náà ni Sẹ́nétọ̀ Isiaka Adeleke, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣẹ̀rùbàwọ́n, gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jáde láyé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá ẹjọ́ tán: wọ́n ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò kí a tó sin ín. Adájọ́ májísíréètì kan sì jókòó gẹ́gẹ́ bí Kọ́rónà, èyíinì ni ẹni tí òfin yàn láti wádìí ikú tí ó rú ni lójú. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀rí tán, ó ní kì í ṣe májèlé ọ̀tá ni ó pa á. Oògùn tí a fún un ni ó kọjá ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí a bá ti mú ẹnì kan ní ọjọ́ Àìkú náà, tí a sì lù ú pa, ta ni ì bá jí i lẹ́yìn ìdájọ́ Kọ́rónà?

Àwọn àgbà ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè fi í so ènìyàn kọ́. Adájọ́ yóò béèrè pé: ta ni ó yẹ òkú ọmọ náà wò? Ṣé ibà kọ́ ni ó pa á?

Òfin Ìwà Ọ̀daràn, ní abala 316 àti 319, fi ikú ṣe ìjìyà ìpànìyàn. Nítorí èyí, òfin kò gba àbá. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi rí ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì sọ pé ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí múlẹ̀, kọjá iyèméjì tí ó bọ́gbọ́n mu.

Ohun mẹ́ta ni a ní láti fi múlẹ̀. Èkíní, pé ẹni náà kú. Èkejì, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ni ó pa á, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta, pé olùjẹ́jọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, láti pa á tàbí láti ṣe é léṣe gidigidi.

Èkejì yìí ni ẹjọ́ májèlé ti ń ṣòro. Bí a bá fi àdá ṣá ènìyàn, ojú ọgbẹ́ ń sọ̀rọ̀. Májèlé kò ní ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè máa bì, kí inú rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí onígbáméjì mú. Ẹ̀yin àgbẹ̀ sì mọ̀ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa, àti pé ẹ̀wà tí a da oògùn kòkòrò sí lè pa odindi ilé láìsí ọ̀tá kankan. Gbogbo èyí ni agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò kà sílẹ̀. Bí ìjọba kò bá lè dáhùn, adájọ́ yóò dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ń po májèlé kì í pe ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni ilé ẹjọ́ ṣe máa ń kó ọ̀rọ̀ kéékèèké jọ: ta ni ó ra májèlé? Ta ni ó se oúnjẹ, ta ni ó gbé e kalẹ̀? Ta ni ó jẹ nínú rẹ̀ tí kò kú? Ìjà wo, ogún wo, ni ó wà láàrin wọn? Ta ni ó sáré fọ àwo? Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ibì kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣeé túmọ̀ lọ́nà mìíràn tí ó bọ́gbọ́n mu, okùn ti já.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1833, ní Plumstead lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin kan, John Bodle, pé ó fi májèlé tí à ń pè ní aséníìkì sínú kọfí bàbá àgbà rẹ̀. James Marsh, onímọ̀ kẹ́míkà, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí májèlé náà. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, ohun tí ì bá fi han ilé ẹjọ́ ti bàjẹ́. Wọ́n dá Bodle sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dun Marsh púpọ̀, ní 1836 ó sì gbé ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Òtítọ́ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹ̀rí ni ó bàjẹ́.

Nítorí náà, bí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fọ àwo. Ẹ bo ìyókù oúnjẹ, èébì àti ìgò tí ẹ bá rí, ẹ kó wọn fún ọlọ́pàá. Ẹ rántí orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè pé kí dókítà yẹ òkú wò. A mọ̀ pé ẹ̀sìn Mùsùlùmí fẹ́ kí a tètè sin òkú, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Ṣẹ̀rùbàwọ́n. A yẹ òkú rẹ̀ wò, a sì sin ín ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá sin òkú láìyẹ̀ ẹ́ wò lè ti sin ẹjọ́ mọ́ ọn.

Láyé àtijọ́, èèpo igi ọ̀bọ̀ ni wọ́n ń fún ẹni tí a fura sí mu ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ní Kàlàbá, ẹ̀wà eséré ni. Bí ó bá bì í, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kú, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Ẹ̀yin ará, májèlé ni wọ́n fi ń wádìí májèlé! Abala 207 òfin wa ka èyí léèwọ̀. Abala 208 sì sọ pé bí ènìyàn bá ti ipa rẹ̀ kú, ikú ni ìjìyà ẹni tí ó darí rẹ̀. Lónìí a kò po ọ̀bọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí a bá fi taya àti bẹntiróòlù dá ẹjọ́ ìyá arúgbó tí ọmọ orogún rẹ̀ kú, kí ni ìyàtọ̀?

Nígbà tí òyìnbó ń ṣe ìjọba, a lè wí pé ilé ẹjọ́ àjèjì ni. Láti 1960, tiwa ni. Ojúṣe ẹgbẹ́ wa ni láti máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí dókítà tí ń yẹ òkú wò àti ilé àyẹ̀wò májèlé má jìnnà sí tálákà. Ojúṣe tiyín ni láti pa ẹ̀rí mọ́, kí ẹ sì pa ọwọ́ yín mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó dájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, òṣìkà rẹ̀ ta yọ.

 Ilé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní rí ikú òjijì.